Ọwọ́ Lára Àká Irin

Mo pe Bridie, mo tún un pè. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ mi, ta ló sọ pé màá gbọ́? Bí mo ṣe ń gbé láyé nìyẹn: màá pe èèyàn tán, màá tún fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ wo ẹnu rẹ̀ kí n tó mọ̀ bóyá ó dá mi lóhùn. Mo gbé ọ̀bẹ tí mo fi ń gé búrẹ́dì sílẹ̀, mo nu ọwọ́ mi, mo sì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Àga kékeré tó máa ń jókòó sí wà níbẹ̀. Ìwé tó ń kùn wà lórí àga náà, atẹ́gùn ń ṣí i. Ọmọ náà kò sí.

Ẹ̀rù ò tíì bà mí nígbà yẹn. Inú ló bí mi. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má kúrò lábẹ́ òrùlé, nítorí oòrùn ọjọ́ náà kò ṣeé bá ṣeré. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Bridie, ọmọ Janelle, ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo tó ń ṣe tíṣà ní Adelaide. Bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi Kérésìmesì, ọ̀dọ̀ wa níbí ní Mallee ló ń fi ọmọ sí títí a ó fi kórè àlìkámà tán. Ọmọ náà fẹ́ràn oko wa ju ilé wọn lọ. Agídí rẹ̀ sì jọ ti bàbá àgbà rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé tèmi ni.

Mo wo abẹ́ ibùsùn. Mo wo ilé ìwẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn gbogbo ilẹ̀kùn tí ọmọdé lè sá pamọ́ sí, mo sì ń sọ fún un bí mo ti ń wá a pé bí mo bá mú un, yóò mọ̀ pé èmi ni mo bí ìyá rẹ̀. Ìgbà tí mo padà sí ẹ̀yìnkùlé ni mo rí géètì kékeré tó lọ sí ọ̀nà adágún, ibi tí àwọn àgùntàn ti ń mumi. Ó yẹ kó wà ní títì. Ó ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Àyà mi já.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa etí mi, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ nípa rẹ̀ kò ní mọ irú ẹ̀rù tó bà mí. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, inú ilé tí wọ́n ti ń rẹ́ irun àgùntàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ariwo ẹ̀rọ ibẹ̀ sì jẹ etí mi díẹ̀díẹ̀ bí ikán ṣe ń jẹ igi. Ti òsì kú pátápátá. Nígbà tí ti ọ̀tún náà fẹ́ máa tẹ̀lé e, àwọn dókítà la ẹ̀yìn etí mi, wọ́n fi ẹ̀rọ sínú orí mi. Ìdajì rẹ̀ wà nínú, ìdajì kejì lẹ̀ mọ́ ìta, mágínẹ́ẹ̀tì ló so wọ́n pọ̀. Clem ọkọ mi ní kí n má sún mọ́ fìríìjì, kí n má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Irú ọ̀rọ̀ tí Clem ń sọ láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ nìyẹn, mi ò sì tíì lé e jáde.

Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́. Mo ń gbọ́ ìró. Ohun tí kò lè ṣe fún mi ni pé kó sọ ibi tí ìró ti ń bọ̀. Ẹni tó ní etí méjì kì í ronú sí i rárá. Bí ajá bá gbó, ọrùn rẹ̀ á ti yí síbẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun yí i. Bí ajá bá gbó sí èmi létí, gbogbo ayé ló ń gbó.

Mo sáré lọ sí adágún náà. Obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kò yẹ kó sáré nínú irú oòrùn bẹ́ẹ̀, àmọ́ ta ló ń rọra nígbà tí ọmọ ọlọ́mọ bá sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà, èmi nìkan ni mo sì wà lọ́jà náà. Atẹ́gùn ń fẹ́ sínú ẹ̀rọ mi, ariwo rẹ̀ kún orí mi fọ́fọ́. Mo ń ké "Bridie! Bridie!", mi ò sì lè gbọ́ ohun mìíràn yàtọ̀ sí ohùn ara mi.

Omi adágún náà pọ́n, ó dúró jẹ́ẹ́. Kò sí aṣọ lórí rẹ̀. Kò sí bàtà létí rẹ̀. Mo yí i ká, mo ń wo ẹrẹ̀ etí omi, ẹsẹ̀ àgùntàn nìkan ni mo rí níbẹ̀, kò sí ẹsẹ̀ ọmọ èèyàn kankan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹrẹ̀ náà sókè ketekete. Ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀, kò balẹ̀, nítorí bí kò bá sí nínú omi, níbo ló wà? Ejò wà nínú koríko. Kànga àtijọ́ kan wà lẹ́yìn ọgbà. Ojú pópó náà wà níbẹ̀, tírélà sì ń sáré lórí rẹ̀ lásìkò ìkórè.

Mo yọ fóònù mi, mo pe Clem. Ó wà lórí ẹ̀rọ ìkórè ní oko tó jìnnà jù. Fóònù mi kì í sọ̀rọ̀ síta. Inú ẹ̀rọ orí mi ni ohùn ń wọ̀ tààrà. Ó gbé e.

"Clem! Bridie ò sí nílé! Mi ò rí i! Ṣé ọ̀dọ̀ ẹ ló wà?"

Ohùn Clem wọlé, ariwo ẹ̀rọ ìkórè sì bò ó mọ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé èèyàn ń sọ̀rọ̀, mi ò mọ ohun tó ń sọ. Ó lè jẹ́ "mo ń bọ̀". Ó lè jẹ́ "kí lo wí?" Ó sì lè jẹ́ pé ọmọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó ń jẹ bisikíìtì, tí èmi ń kú síhìn-ín.

"Mi ò gbọ́ ẹ, Clem. Bó bá wà lọ́dọ̀ ẹ, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Bí kò bá sí, máa bọ̀ wálé. Ṣé o gbọ́? Jọ̀ọ́, máa bọ̀!"

Ó tún sọ nǹkan. Mo pa fóònù, mo ń wo ojú rẹ̀. Nǹkan kan kò wọlé. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì oko wa máa ń lọ nígbà tó bá wù ú, ó sì máa ń dé nígbà tí èèyàn kò nílò rẹ̀ mọ́. Mo ń bẹ fóònù náà bí ẹni ń bẹ Ọlọ́run, ìgbà yẹn ni ẹ̀rọ orí mi ké: pín-pín. Ó dúró díẹ̀, ó tún ké: pín-pín.

Bátìrì ló ń kú.

Èyí tó ti kún wà nínú ilé ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́tùlù. Mo wo ilé, mo wo àwọn ilé ìkẹ́rùsí tó wà láàárín èmi àti ilé. Bí mo bá kọ́kọ́ lọ gbé bátìrì, ìyẹn ni pé mo fi ọmọ sílẹ̀ lọ wá etí. Bí mi ò bá lọ, etí á fi mí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹsẹ̀ mi ò dúró jẹ́ kí n pinnu. Apá ibi tí àwọn ilé ìkẹ́rùsí wà ló gbé mi lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Kó-kó. Ìró kékeré ni, ó gbẹ, ó jìnnà tàbí ó sún mọ́, mi ò mọ̀. Mo dúró, mi ò mí. Kó-kó.

"Bridie?"

Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà, kó-kó.

Mo yí ojú mi sí ilé tí a ń kó tírákítọ̀ sí. Mo yí i sí ilé irun àgùntàn. Mo yí i sí àká irin ńlá tí à ń da àlìkámà sí, mo yí i sí àwọn igi, mo yí i padà. Ìró náà kò pọ̀ sí i, kò dín kù. Inú agbárí mi ló ti ń wá, bí gbogbo ìró ṣe ń ṣe. Ó lè jẹ́ páànù kan tó tú lórí òrùlé. Ó lè jẹ́ ẹyẹ. Mo ń yí po lójú kan nínú oòrùn bí àgùntàn tí ejò bù jẹ, omi ń dà lójú mi, mo sì ń sọ fún ìró náà pé, "Níbo? Sọ fún mi, níbo?"

Báyìí ni mo wà tí tírélà Norrie Pascoe fi wọlé pẹ̀lú eruku. Norrie ló máa ń kó àlìkámà wa lọ sí ìlú. Èèyàn dáadáa ni, ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀. Ìṣòro tí mo ní pẹ̀lú rẹ̀ ni irùngbọ̀n. Ó bo ẹnu rẹ̀ pátápátá, èmi tó jẹ́ pé ẹnu èèyàn ni mo fi ń gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó fá a. Ó ní ìyàwó òun ló ni ín, kí n lọ bẹ ìyàwó òun.

Ó fẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ sún mọ́ àká, ó bọ́ sílẹ̀, kò pa ẹ́ńjìnnì.

"Norrie! Ṣé o rí Bridie lójú ọ̀nà?"

Ó mi orí pé rárá.

"A ò rí i! Mo ti dé adágún, kò sí níbẹ̀. Mo ti wá inú ilé. Mi ò mọ ibi tó wà, Norrie!"

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kíákíá. Ó nawọ́ sí àká, ó nawọ́ sí ọkọ̀ rẹ̀, ó nawọ́ sí ọ̀nà adágún. Irùngbọ̀n náà ń lọ sókè sódò. Ariwo ẹ́ńjìnnì ń dún bákan náà pẹ̀lú ohùn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wá rọ́ sínú orí mi bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ń wò mí, ó ń dúró de ìdáhùn.

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ bi ẹnikẹ́ni tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn, yóò sọ ọ̀rọ̀ orí mímì yìí fún yín. Èèyàn á bi ọ́ ní nǹkan, wàá ní kó tún un sọ, yóò tún un sọ, o ò ní gbọ́, wàá sì rí i lójú rẹ̀ pé ó ti ń sú u. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wàá mi orí. Wàá rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kò ní burú. Wọ́n á kàn gbé tíì tí kò ní ṣúgà wá fún ọ. Ó ti wọ̀ mí lára débi pé orí mi ń mì kí n tó rán an níṣẹ́. Mo rò pé ó ní òun á bá mi wá ọmọ. Ohun tí mo fẹ́ kó sọ nìyẹn, ohun tí mo sì gbọ́ nìyẹn.

Ohun tí Norrie bi mí, bí wọ́n ṣe sọ fún mi lẹ́yìn náà, ni pé: Clem fẹ́ kí àká ṣófo kó tó kó èyí tó kù lóko dé, ṣé kí òun tan ẹ̀rọ, kó máa fa àlìkámà sínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀, kí òun fi sáré wo apá adágún lẹ́ẹ̀kan sí i? Ó tún bi mí bóyá ó dá mi lójú pé kò sí ohunkóhun lórí àká.

Ohun tí mo mi orí sí nìyẹn.

Lágbègbè wa, kò sí àgbàlagbà tí kò mọ ohun tí àká ń ṣe. Àlìkámà inú rẹ̀ dúró gbagidi lójú ọmọdé, àfi bí yanrìn etí òkun. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà á láti ìsàlẹ̀, yóò di omi. Ohun tó bá wà lórí rẹ̀ á wọlé tẹ̀lé e. A ti lọ sí ìsìnkú nítorí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Clem fi máa ń ká àkàbà àká sókè, ibi tí ọwọ́ ọmọdé ò lè tó. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ó ń kánjú, kò ká a. Èmi ò sì wòkè.

Mo wọ ilé tírákítọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo wo abẹ́ tírákítọ̀, mo wo ẹ̀yìn àwọn táyà, mo wo inú àgbá tó ṣófo. Òkùnkùn ibẹ̀ ń rùn fún epo. Mo ń sọ̀rọ̀ sí i pé, "Bridie, mi ò bínú mọ́. Jáde síta, mi ò ní bá ẹ wí. Nana ò bínú." Kí n sọ òótọ́, ẹ̀rù tó bà mí nígbà náà kì í ṣe ti ikú nìkan. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà ti máa dá mi lóhùn láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, kó máa sọ pé "Nana, ibí ni mo wà, Nana", kí èmi máa kọjá lọ níwájú rẹ̀.

Bí mo ti jáde, ariwo kan là mí lórí. Ẹ̀rọ àká ti ń ṣiṣẹ́. Kó-kó tí mo ń gbọ́ tẹ́lẹ̀ ti rì sínú rẹ̀. Norrie ti ń sáré lọ lọ́nà adágún, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí. Mo fẹ́ ké sí i pé kó pa nǹkan yẹn kí n lè gbọ́ràn, ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rọ orí mi dún lẹ́ẹ̀mẹta, ìró kọ̀ọ̀kan rẹlẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ, ó sì kú.

Kò sí nǹkan mọ́.

Àwọn tó ń gbọ́ràn máa ń sọ fún mi pé ó mà dára o, pé bí ilé bá ń pariwo mo lè yọ etí mi kí n sinmi. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ní ìwúwo. Mo ń rí ọkọ̀ tó ń gbọ̀n, mo ń rí àlìkámà tó ń tú jáde láti ẹnu páìpù sínú ọkọ̀, mo ń rí ewé tó ń mì, ìró kankan ò jáde lára wọn. Bí gbogbo ayé bá ń pe orúkọ mi nígbà yẹn, mi ò ní mọ̀. Mo nawọ́, mo fara ti ohun tó sún mọ́ mi jù kí n má baà ṣubú, àká irin ni.

Irin náà gbóná, ó fẹ́ bó mi lọ́wọ́. Ó ń gbọ̀n pẹ̀lú ẹ̀rọ. Mo mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń gbọ̀n. Kì í sinmi, kì í yí padà. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà nínú rẹ̀. Ó kan àtẹ́lẹwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró, ó tún kàn án lẹ́ẹ̀mejì.

Nílé wa, bí wọ́n bá fẹ́ kí n wẹ̀yìn, nǹkan ni wọ́n ń kàn. Clem á fẹsẹ̀ janlẹ̀, pákó ilẹ̀ ilé ìdáná á gbé e wá bá mi lábẹ́ bàtà. Bridie ní tiẹ̀, ọwọ́ ló fi ń gbá tábìlì. Ẹ̀ẹ̀mejì, á dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì, á dúró.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ibi tí ẹ̀rọ wà. Mo mọ̀ pé mo gbá bọ́tìnnì pupa náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó ti pa? Mo di páìpù mú. Ó ń gbọ̀n. Mo tún gbá bọ́tìnnì náà, mo tún di páìpù mú, mo ń sunkún, mo ń ṣépè. Ó ń gbọ̀n. Ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Ó dá.

Mo sáré padà, mo fi ọwọ́ lé ara àká.

Nǹkan kan kò kàn mí lọ́wọ́.

Mo gbé etí mi tó ti kú lé irin gbígbóná yẹn, bí ẹni pé ìyẹn á ṣe nǹkan kan. Mo gbé àyà mi lé e. Nǹkan kan ò sí. Mo gun àkàbà. Mi ò gun àkàbà láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí láti ìgbà tí wọ́n ti la orí mi ni ilẹ̀ ti máa ń yí mọ́ mi lẹ́sẹ̀ bí mo bá gun òkè. Ó yí. Mo dijú, mo gùn ún. Mo dé ẹnu ìdérí, mo wo inú rẹ̀.

Ó wà níbẹ̀. Àlìkámà dé ọmú rẹ̀. Apá rẹ̀ kan ti wọlé, èkejì wà lókè, ó sì mú bàtà rẹ̀ kan dání. Ojú rẹ̀ funfun fún eruku, ojú méjèèjì là sílẹ̀ kedere, ó ń wò mí. Ohun tí kò ní kúrò lójú mi títí tí màá fi kú ni ẹnu rẹ̀. Ó pa á dé. Ọmọ tí ikú ti dì mú dé àyà, ó pa ẹnu rẹ̀ dé pinpin.

"Má mira," mo ní. "Mo rí ẹ. Nana rí ẹ. Má mira rárá."

Mo kígbe pe Norrie. Kò jẹ́ tuntun fún mi láti kígbe láìmọ̀ bóyá ohùn jáde. Ṣùgbọ́n Norrie ti gbọ́ pé ẹ̀rọ òun kú, ó ti ń sáré padà, àti Clem pẹ̀lú, tí ọkọ̀ rẹ̀ ń gba àárín àlìkámà tí a kò tíì kórè kọjá wá sọ́dọ̀ wa. Ó ti gbọ́ mi lórí fóònù. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ ló gbọ́. Wọ́n wọ inú àká pẹ̀lú pákó, wọ́n so okùn mọ́ ọmọ lábíyá, wọ́n ń fi báàkẹ́ẹ̀tì gbọ́n àlìkámà kúrò lára rẹ̀. Ṣe ni àlìkámà náà ń ya padà bí wọ́n bá ti ń gbọ́n ọn. Èmi wà lórí àkàbà, mo di okùn mú, mi ò lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún ara wọn, ojú wọn nìkan ni mo ń wò láti mọ̀ bóyá ọmọ mi ń yè tàbí ó ń kú. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde, Norrie fi irùngbọ̀n rẹ̀ sí orí ọmọ náà, mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì.

A jókòó sí abẹ́ òjìji tírélà. A fún un lómi. Mo fọwọ́ kan gbogbo ìka ọwọ́ rẹ̀ àti gbogbo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sí ẹ̀fẹ̀ kankan lẹ́nu Clem. Ó tún béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà ohun tó ti bi í nígbà tí wọ́n gbé e jáde, ó yíjú sí mi kí n lè rí ètè rẹ̀.

"Bridie, ṣé o gbọ́ bí Nana ṣe ń pè ọ́?"

Ọmọ náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Kí ló dé tí o ò dáhùn? Kí ló dé tí o ò pariwo?"

Ó wò mí. Ó sún mọ́ mi, ó gbé ojú rẹ̀ wá síwájú ojú mi dáadáa, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti lè tàn sí ẹnu rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Clem ò ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

"Mọ́mì ní a ò gbọ́dọ̀ pariwo mọ́ Nana. Ó ń dùn yín létí, inú sì máa ń bí yín. Ó ní kí n wá síwájú yín kí ẹ rí ojú mi. Mi ò lè wá. Mo ń kàn án, Nana. Mo ń kàn án gan-an."

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Janelle. Èmi ni mo ní kí wọ́n kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́, nítorí ó ti sú mi kí èèyàn máa ké mọ́ mi láti yàrá kejì. Wọ́n kọ́ ọ. Ó gbọ́. Kò sí ọmọ tó gbọ́ràn tó o láyé yìí, ìgbọràn yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sin ín sínú àlìkámà.

Mo di ojú rẹ̀ mú láàárín ọwọ́ mi méjèèjì.

"Ké mọ́ mi," mo ní.

Ó wo Clem, ó rò pé mo fẹ́ dán an wò ni.

"Nísinsìnyí, Bridie. Ké mọ́ Nana. Kì í ṣe bó o ṣe ń sọ̀rọ̀. Ké!"

Ó la ẹnu díẹ̀. Mo ní kò tó. Ó tún là á, mo ní kò tó. Ìgbà kẹta, ojú rẹ̀ rún, gbogbo ohun tó ti gbé mì nínú àká yẹn gòkè wá, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, ẹnu rẹ̀ ṣí débi pé mo rí àlàfo ibi tí eyín ti yọ. Norrie fi ọwọ́ di etí. Clem yíjú sẹ́yìn. Àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí igi.

Èmi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní kó tún un ké.